Àmì Tí Saheed Ha Kúrò Lára Irin

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, nítorí ìparí rẹ̀ ni oró rẹ̀ wà.

1.
Saheed ń ra irin àlòkù ní Ìkòròdú, lẹ́yìn àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá tó bí i. Apẹja ni wọ́n látayébáyé ní agboolé ìyá rẹ̀. Wọ́n ní àmì tí wọ́n ń fín sára ohun gbogbo tó bá jẹ́ tiwọn, àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wakọ̀ ni o, ọkọ̀ ojú omi ni o: ilà mẹ́ta, òrùka kan lábẹ́ wọn.

Ìyá àgbà Kúbúrá, tó bí ìyá Saheed, fi àjẹ̀ kan ti ògiri yàrá rẹ̀. Adélàjà bàbá rẹ̀ ló ni ín. Nígbà ogun Hítílà ni Adélàjà bá àwọn ọmọ ogun òyìnbó lọ, tó ń bá wọn tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú ṣe. Kúbúrá ṣì ń rákò nígbà náà. Bàbá kò padà wá mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní ó ti fẹ́ ìyàwó sókè òkun, ó ti kọ ìyá Kúbúrá sílẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń bú ọmọ náà bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ létí omi: "Ọmọ ẹni tí bàbá sá fún!" Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí, ohùn náà ò kúrò létí rẹ̀.

Lójú oorun, ó máa ń rí bàbá rẹ̀ nínú ọ̀sà, omi mù ún dé orúnkún, ara rẹ̀ ń dán bí ẹja. Ó kàn máa ń na ọwọ́, bí ẹni tó fẹ́ gba àjẹ̀ rẹ̀.

"Saheed ọkọ mi, bí omi bá gbé irin kan jáde, bá mi wò ó bóyá àmì wa wà níbẹ̀."

"Ìyá àgbà, orí òṣùwọ̀n nìkan ni irin ti ń sọ̀rọ̀."

2.
Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo ọ̀sà, Bólúwají apẹja pe Saheed lórí fóònù. Àwọ̀n rẹ̀ ti kọ́ ohun kan nísàlẹ̀ omi. Kí Saheed tó dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti fà á dé etí omi: ọkọ̀ òfurufú ológun àtijọ́, apá kan péré, ikùn tó ti ya, ìkarawun wẹẹrẹ lára rẹ̀ bí ìpẹ́. Nínú kùrukùru yẹn, ó dà bí ẹja ńlá kan tó gòkè wá sùn.

"Alàájì tí ò tíì rí Mẹ́kà dé o!" Bólúwají fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣùgbọ́n fara balẹ̀. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin kan, Mardiyah. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa dá irú ọkọ̀ báyìí mọ̀. Ó ní ká má fọwọ́ kan nọ́ńbà ara ẹ̀, pé òun ló máa sọ orúkọ àwọn tó kú sínú ẹ̀. Ọ̀túnla ló ń bọ̀."

"Ọ̀túnla? Kí ìjọba wá gbà á lọ́wọ́ wa? Sún sẹ́yìn jàre."

Ó sanwó, ó di ẹrù, ó gba ọ̀nà Ìtókín padà sí Ìkòròdú.

3.
Irin tó bá ní nọ́ńbà lè ní ẹni tó ń wá a. Nítorí náà, àwọn kan nínú àwọn tó ń ra irin á kọ́kọ́ ha nọ́ńbà rẹ̀ dànù. Bẹ́ẹ̀ ni Saheed ṣe. Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń ha irin, nọ́ńbà ń di eruku fàdákà, eruku ń fò nínú oòrùn bí ohun tí èèyàn ń rí lójú àlá.

Ó wá kan ìdérí àpótí irinṣẹ́ kan. Ó nu amọ̀ ojú rẹ̀. Ilà mẹ́ta. Òrùka kan lábẹ́ wọn. Ìṣó ni wọ́n fi fín in, ẹni tó fín in kò sì kánjú.

Ọwọ́ Saheed dúró. Ó gbóòórùn ọ̀sà láàárín Ìkòròdú. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí omi ń kán lára rẹ̀, tó, tó, tó. Ó mọ àmì náà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń yọ́ irin fi da ìkòkò ti ń dúró dè é, iná wọn ti ràn.

Ó ha á kúrò.

4.
Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìkòkò tuntun kan lọ fún Ìyá àgbà. Ó ní ara irin ọkọ̀ òfurufú yẹn ni wọ́n fi dà á. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ǹjẹ́ àmì kan wà lára ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan o."

"O wò ó dáadáa?"

"Wàláì, mo yẹ gbogbo ẹ̀ wò, Ìyá àgbà. Kò sí."

5.
Lọ́jọ́ kẹta, Mardiyah dé. Bólúwají mú un wá sílé Ìyá àgbà, nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kó irin lọ. Saheed náà wà níbẹ̀.

"Màmá, ọkọ̀ ogun Hítílà ni. Mo mọ̀ ọ́n lára ìṣó tí wọ́n fi kàn án. Ṣùgbọ́n ta ló wà nínú ẹ̀? Nọ́ńbà nìkan ló lè sọ, kò sì hàn nínú fọ́tò."

Ó fi fọ́tò tí Bólúwají fi ránṣẹ́ hàn án. Ìdérí àpótí náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ bò ó. Ilà méjì péré ló hàn.

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. "Ilà méjì kì í ṣe tiwa. Àwọn ará òdìkejì omi ló ni ilà méjì."

Saheed dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mẹ́ta ni, Ìyá àgbà! Òrùka wà lábẹ́ wọn. Bàbá yín ò sá fún yín. Ẹnu ọ̀nà ilé ló kú sí. Èmi ni mo ha á kúrò!"

Màmá rọra fọwọ́ kan orí rẹ̀.

"O fẹ́ tù mí nínú ni. O búra fún mi lánàá, ọkọ mi."

Mardiyah pa ìwé rẹ̀ dé. Kò lè kọ ohun tó jẹ́ pé ẹni tó pa á rẹ́ nìkan ló rí i.

Saheed ti pa iṣẹ́ irin tì. Bó bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀rọ yẹn, á yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó ń bá Bólúwají wọ omi, ó ń wá irin mìíràn. Amọ̀ nìkan ló ń bù. Ìyá àgbà kò sì fi ìkòkò yẹn se nǹkan kan rí. Láràárọ̀, á gbé e lé itan, á máa fi ìka tọ ìdí rẹ̀ lọ, á tọ̀ ọ́ bọ̀, bí ẹni tó ń wá ilà mẹ́ta.

Ẹ ṣọ́ra, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ẹ tó yọ́ ohun àtijọ́, kí ẹ tó pa ohun tí wọ́n fín sára rẹ̀ rẹ́, ẹ bi àgbà ilé yín léèrè. Ẹ má sì purọ́ fún ẹni tó fọkàn tán yín, torí ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ máa fẹ́ kó gba òtítọ́ yín gbọ́. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ ṣì wà láyé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.