Ẹni Tó Mọ Òkú Ṣe

Okùn já mọ́ opó kan lọ́wọ́, ajá rẹ̀ Tucker sì sáré wọ àárín àwọn òkú. Òun náà sáré tẹ̀lé e.

Ọdọọdún ni òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń wa ọkọ̀ wọn tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná wá sí pápá ogun àtijọ́ yìí, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń wọ aṣọ ológun ayé ọjọ́un, tí wọ́n ń fi ogun náà ṣeré. Lọ́dún yìí, òun àti Tucker nìkan ló kù.

"Màmá, ẹ mú ajá yín, ẹ ń ba ogun jẹ́," òkú kan sọ láì lajú.

Tucker fi àgbọ̀n lé ọkùnrin onírùngbọ̀n kan láyà, ó ń hu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ajá yìí hu bẹ́ẹ̀ rí, láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kò jí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọkùnrin yìí."

"Dewitt nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ òkú ṣe tó o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gba ẹ̀bùn ẹ̀," òkú tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ dá a lóhùn.

Fèrè dún. Gbogbo òkú dìde, wọ́n ń gbọn koríko kúrò lára. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún Dewitt jù lọ, torí pé kò tíì dìde.