Àmì Àtàǹpàkò Lórí Ọkọ̀ Pupa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ọwọ́ yín bá mọ iṣẹ́ kan ju ti ẹgbẹ́ yín lọ, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Ọkùnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dángbinrin. Ọkọ̀ kéékèèké tó wọ àtẹ́lẹwọ́ ló ń ṣe, àwòkọ àwọn ọkọ̀ eré ìje ayé àtijọ́. Ẹ mọ irú eré yẹn: ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí títì gbọọrọ, iná á tàn, wọ́n á já lọ, eré á sì ti parí kí èèyàn tó sín tán. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ ike yín fún Dángbinrin, á yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, á fi èyí tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀, á pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn sí gbàǹgbà, á sì fín ọ̀dà sí i títí ẹ ó fi rí eyín ara yín nínú rẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò lè rí àbùkù lára nǹkan kó gbójú kúrò. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọpẹ́lọpẹ́ pé èmi kì í ṣe ike. Ẹ̀ bá ti fi pépà oníyanrìn ha imú mi."

2.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tú aṣọ ìnura kan, ó gbé ọkọ̀ pupa kékeré jáde. Táyà iwájú rẹ̀ kan ti yọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi lẹ táyà yìí. Bàbá mi ló wa ojúlówó ọkọ̀ yìí nígbà tí wọ́n ń sáré ìje. Màmá mi ló ṣe kékeré yìí, àwọn náà ló kùn ún. Màmá ti kú. Àìsàn sì ti kó ọ̀pọ̀ nǹkan lọ lórí Bàbá, nígbà mìíràn wọn kì í mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ yìí bá ti wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á pe orúkọ Màmá, wọ́n á jẹun, ọkàn wọn á balẹ̀."

"Táyà nìkan?"

"Táyà nìkan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn."

3.
Kò pẹ́ tó fi lẹ táyà náà. Ibẹ̀ ló yẹ kí iṣẹ́ parí sí. Àmọ́ ó gbé ọkọ̀ náà síwájú iná, ó sì rí i pé ojú búrọ́ọ̀ṣì hàn káàkiri ara rẹ̀. Lórí òrùlé rẹ̀, ẹnì kan ti fọwọ́ kan ọ̀dà nígbà tí kò tíì gbẹ, àmì àtàǹpàkò sì tẹ̀ síbẹ̀ kedere.

"Ìránù iṣẹ́ rèé," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Táyà ni wọ́n ní kẹ́ ẹ lẹ̀."

"Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣé a kì í fi tọmọ jẹ́ ẹ ni? Inú wọn á dùn."

Òwe náà dára, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pinnu láti ṣe ohun tó wù ú kì í wá òwe tì.

Ó ya ọkọ̀ náà ní fọ́tò, ó sì rì í sínú omi tó ń bó ọ̀dà. Omi náà pọ́n, ó dà á nù. Ó fín ọ̀dà tuntun, ó tún ya fọ́tò, ó gbé méjèèjì sórí ìkànnì: "Ẹ wo bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ẹ wo bí mo ṣe sọ ọ́ dà." Àwọn èèyàn yìn ín títí orí rẹ̀ fi wú.

4.
Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà wá, ó gba ọkọ̀ náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ibo ni àmì orí rẹ̀ wà?"

"Mo ti bá yín mú un kúrò. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn."

Ó wá àga, ó jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, àtàǹpàkò Màmá mi ni. Ibẹ̀ ni Bàbá máa ń fi tiwọn sí láràárọ̀."

Ó gbé ọkọ̀ náà lọ sílé. Bàbá gbà á, ó fọwọ́ wá orí rẹ̀ títí, ó béèrè pé, "Ọkọ̀ ta nìyí?" Ó gbé e sílẹ̀, kò sì jẹun.

Lábẹ́ fọ́tò méjèèjì yẹn ni ọmọ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí: "Àmì tí ẹ rí nínú ti àkọ́kọ́, ọwọ́ ìyá mi tó ti kú ni. Táyà ni mo ní kí wọ́n tún ṣe. Bàbá mi ò mọ ọkọ̀ náà mọ́, wọn ò sì jẹun." Àwọn tó ń yin Dángbinrin dákẹ́. Lẹ́yìn náà, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó ọkọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi ṣófo.

5.
Èyí tó dùn ún jù kọ́ nìyẹn. Bàbá tí kò jẹun ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó lọ bẹ nọ́ọ̀sì, ó gba ọkọ̀ náà padà, ó bó o lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó wo fọ́tò, ó kùn ún bí ìyá nọ́ọ̀sì ti kùn ún. Kí ọ̀dà tó gbẹ, ó tẹ àtàǹpàkò ara rẹ̀ sórí òrùlé. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá náà.

Àtàǹpàkò bàbá rìn lórí ọkọ̀ náà títí ó fi kan ojú ibẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá yí ìka náà díẹ̀, ó tún yí i. Ó wá mú ọwọ́ Dángbinrin, ó sì fọwọ́ pa àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ọwọ́ ọkùnrin nìyí," ló wí jẹ́jẹ́. "Ìyàwó mi ńkọ́?"



Ẹ̀yin tí ẹ mọṣẹ́, ẹ ṣọ́ra. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní àbùkù lára nǹkan ẹlòmíràn lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù fún un. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ibi tí wọ́n bá sì ní kí ẹ ṣe dé, ẹ dúró níbẹ̀. Omi pupa tí Dángbinrin dà nù kò ṣeé kó mọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.