Ó-Ti-Parí àti Àlejò Inú Kọ̀ǹpútà

Ayàwòrán kan wà tí kì í bojú wẹ̀yìn. Bó bá ti ṣe nǹkan tán, ó ṣe é tán nìyẹn. Kò ní padà lọ wò ó bóyá ó dáa. Á ti ilẹ̀kùn, kò ní fà á wò. Á pa sítóòfù, kò ní bẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìyàwó rẹ̀ bá béèrè, èsì kan náà ni: "Ó ti parí." Ìyẹn ni àdúgbò ṣe ń pè é ní Ó-Ti-Parí, òun náà sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ o. Ẹni tó dijú mágbárí wá láti ilé, bó bá dé iwájú kámẹ́rà rẹ̀, eyín á yọ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Lójijì, ọ̀rọ̀ pupa kan yọ lójú rẹ̀: kòkòrò ti wọ ẹ̀rọ yìí, ẹ pe nọ́ńbà yìí kíákíá. Ó-Ti-Parí pè é. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀ ló gbé e.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá mi. Ẹ gba ètò kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà yín, kí n lè wọlé láti ibi tí mo wà."

Ó gbà á. Ó kówọ́ lé itan, ó ń wo bí ọfà ojú kọ̀ǹpútà ṣe ń rìn kiri fúnra rẹ̀, tó ń ṣí èyí, tó ń pa ìyẹn. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà ń sáré bí ẹṣin.

Ìyàwó rẹ̀, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù náà, ó yọjú wọlé, òòyà lọ́wọ́.

"Bàbá Ìbejì, ta lẹ jẹ́ kó wọ inú kọ̀ǹpútà?"

"Ẹni tó bá mi tún un ṣe ni. Ó ti parí."

"Ṣé ẹ ti yọ ètò tó fi wọlé yẹn kúrò? Páswọ́ọ̀dù ńkọ́, ṣé ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kó yẹ gbogbo ẹ̀ wò."

"Ọkùnrin yẹn ṣe mí lóore, o wá ní kí n máa wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀!"

"Oore wo? Ẹ mọ ojú ẹ̀ ni?"

"Ìyá Ìbejì, mo ní ó ti parí!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni tọkọtìyàwó kan tó ya àwòrán fún lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn wá wo àwòrán náà, bàbá ìyàwó tẹ̀ lé wọn. Ó-Ti-Parí ti kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ti nu ti inú kámẹ́rà nù. Wọ́n dé orí èyí tí bàbá ti di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, tí omijé ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ọfà ṣe gbéra nìyẹn, tó pa àwòrán náà dé.

"Ẹ má tíì pa á o, mo ṣì ń wo bàbá mi," ni ìyàwó wí.

Ó-Ti-Parí na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. "Ọwọ́ mi rèé! Èmi kọ́!"

Ojú wọn báyìí ni àwòrán ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan. Onídìrí gbọ́ ariwo ọkọ rẹ̀, ó sáré wọlé, ó fa wáyà yọ. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè sọ fún wọn pé ètò ọjọ́sí ló ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ibẹ̀ ni olè ń gbà wọlé. Àwòrán ti lọ. Nọ́ńbà tí Ó-Ti-Parí pè lọ́jọ́sí náà ò lọ mọ́.

Ó-Ti-Parí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun á tún gbogbo rẹ̀ yà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gbà, wọ́n tún múra wá. Ikùn ìyàwó ti yọ, aṣọ ò pàdé lẹ́yìn mọ́, onídìrí ló ń fi pín-ìnnì dè é. Ọkọ ti fárí kodoro. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ó wá ku ti bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sunkún díẹ̀."

"Kí ni n ó máa sunkún fún? Àná ni ọmọ mi yìí ṣì wá jẹun tán nílé mi!"

Bàbá fún ojú pọ̀, ó tún un fún, ẹ̀rín ló ń bọ́. Ó-Ti-Parí ya ẹ̀rín náà, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ó fi kámẹ́rà bojú pẹ́ díẹ̀, torí ó mọ̀ pé omijé ọjọ́ náà ò ní padà wá láéláé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ o. Ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí, ẹ má jẹ́ kó wọ inú kọ̀ǹpútà yín. Bó bá sì jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ló tún un ṣe láti òkèèrè, iṣẹ́ kù lẹ́yìn tó bá lọ: ẹ yọ ohun tó fi wọlé, ẹ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, ẹ yẹ ẹ̀rọ náà wò fínnífínní, kẹ́ ẹ sì ní ẹ̀dà ohun iyebíye yín síbòmíràn. Kì í ṣe ìwà burúkú ló ba ti ayàwòrán yìí jẹ́. Ọ̀lẹ láti bojú wẹ̀yìn ni.