Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kò Sí Nílé

Fintan Geraghty kórìíra lẹ́tà tí kò lórúkọ. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ṣiṣẹ́ olùwádìí ní ọ́fíìsì tó ń san owó ìrànwọ́ fún àwọn ìdílé ọlọ́mọ, kò sì sí oṣù kan tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í dé orí tábìlì rẹ̀. Ẹnì kan á ní ọkọ obìnrin tó ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ti padà wálé láìjẹ́ kí ìjọba mọ̀. Ẹlòmíràn á ní ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ń gbowó lé lórí, méjì péré lòun ń rí. Àwọn tó máa ń jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì, tí wọ́n á máa ka ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n. Tí Fintan bá ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán, á dìde lọ fọwọ́.

Èyí tó gbé e jáde lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè yẹn kò gùn. Wọ́n ní Assumpta Tuohy ti abúlé Kilbrack ń gba owó ọmọ òrukàn lórí Orla, ọmọ àbúrò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti wà ní England láti ọdún tó kọjá. Olè ni obìnrin náà. Kí wọ́n tètè wá.

Fintan wo fáìlì. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ìyá àti bàbá ọmọ náà kú sínú ìjàǹbá mọ́tò. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń sanwó fún Assumpta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì tún dín owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ kù, nítorí òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ. Ohun gbogbo wà létòlétò.

Òjò ń ṣe winniwinni nígbà tó dé Kilbrack. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ìyá àgbà kan yọjú láti ilé kejì, ó gbé garawa oúnjẹ adìyẹ dání.

“Ṣé ti ọ́fíìsì ìjọba ni yín? Èmi ni Mísíìsì Mulvey. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kẹ́nì kan wá sílé yẹn. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín—”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi.”

Ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lára ààtàn. Ó gbà pé òun ti rí ẹni tó kọ̀wé.

Ìlẹ̀kùn ti ṣí kó tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin afínjú ni Assumpta. Iná ńlá ń jó ní pálọ̀, tíì ti wà nílẹ̀, kéèkì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ọmọ yín ńkọ́?”

“Orla! Wá kí àlejò.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí ọmọ náà fi dé. Wọ́n di irun rẹ̀ dáadáa. Súwẹ́tà tó wọ̀ bò ó títí dé orí ìka, bí ilé náà ṣe móoru tó. Kò jókòó.

“Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?”

Ó kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

“Dá wọn lóhùn.”

“Mẹ́wàá, sà.”

“Ibí lo ń gbé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“O ti dé England rí?”

“Rárá, sà.”

Fintan na kéèkì sí i. Ọmọ náà kò nawọ́ gbà á.

“Ó ti jẹun,” ni Assumpta wí. “Ọ̀kánjúwà ni nígbà tó kọ́kọ́ dé. Mo ti lé ìyẹn kúrò lára ẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. Fintan náà rẹ́rìn-ín.

Assumpta mú un lọ wo yàrá ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà ní títẹ́ bíi ti ọsibítù. Bàtà ilé ìwé wà nílẹ̀, ó sì jẹ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìta ìlẹ̀kùn ni wọ́n kan ibi tí wọ́n ń fi agádágodo sí mọ́.

“Bí ẹni tó kọ́lé yìí ṣe ṣe é sílẹ̀ nìyẹn,” ni Assumpta sọ. Fintan kò tíì béèrè.

Ó kọ bẹ́ẹ̀dì, bàtà àti àpò ìwé sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sí pálọ̀, ó sọ ohun tí kò yẹ kó sọ, nítorí ìríra ẹni tó kọ lẹ́tà náà ti kún inú rẹ̀.

“Ẹnì kan ló kọ̀wé sí wa.”

“Mulvey ni. Ojú obìnrin yẹn kì í kúrò lára fèrèsé mi.”

Fintan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. “Ẹ fọkàn balẹ̀,” ló wí. “Mo máa pa fáìlì yẹn dé lónìí. Lẹ́tà yòówù tó bá tún wá lórí ilé yìí, yíya ni mo máa ya á.”

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Orla, lọ ṣí géètì fún wọn.”

Ọmọ náà jáde sínú òjò láìwọ kóòtù. Nígbà tó dé géètì, ó di irin rẹ̀ mú, kò ṣí i.

“Ṣé lóòótọ́ lẹ máa ya á, sà?”

“Lóòótọ́ ni, ọmọ mi. Má jẹ́ kó dùn ẹ́. Ẹni tó bá lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀ ti jẹrà.”

Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn. Assumpta dúró lójú fèrèsé. Orla yíjú padà sí Fintan, ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì.

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín pé wọ́n ń nà mí, wọ́n sì ń tì mí mọ́lé, mo kọ orúkọ mi sí i, ẹnì kankan ò wá,” ló wí, “àfìgbà tí mo kọ ọ́ pé wọ́n ń ja ìjọba lólè.”