Hàmídù Tún Ẹsẹ̀ Mọ́rísì Àna Rẹ̀ Ṣe

Hàmídù kì í béèrè. Àìsàn tirẹ̀ nìyẹn. Mẹkáníìkì ni láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó béèrè ohun tí kò mọ̀, á wò yín bí ẹni pé ẹ bú baba rẹ̀.

Ó ń fẹ́ Ṣẹ̀fíátù, ọmọ Alàájì Tàjúdéènì aránṣọ. Alàájì yìí ní Mọ́rísì Máínọ̀ kan tí baba rẹ̀ rà nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò náà ti jẹ. Bó bá ti kó sí kòtò, á ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí.

“Láyé àtijọ́, ebè ni ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ń lọ kọ lóko àna,” ni Alàájì wí. “Èmi ò lóko. Tún ẹsẹ̀ mọ́tò yìí ṣe, kí o fi gbé wa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìdásẹn ní Sátidé. Ibẹ̀ la ó ti dá ọjọ́ ìsoyìgì.”

Ṣẹ̀fíátù bẹ̀ ẹ́. “Bọ̀dá Hàmídù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá Bàbá Jonah ní Ìsùadà. Mọ́rísì ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́.”

“Èmi tí mò ń tú Kámúrì palẹ̀? Mọ́tò tí kò ju ìjàpá lọ yìí?”

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Hàmídù tú ẹsẹ̀ méjèèjì, ó da irin ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì nínú abọ́ epo bẹntiróòlù kan ṣoṣo, bó ti máa ń ṣe fún Tòyótà. Kò mọ̀ pé ọ̀tún ni wọ́n ń yí irin tó di ẹsẹ̀ ọ̀tún Mọ́rísì mú sí, òsì ni wọ́n sì ń yí ti òsì sí. Nígbà tí irin kọ̀ tí kò wọlé, ó ní òyìnbó ló ṣe é ní ìṣekúṣe. Ó gbé òòlù, ó sì lù wọ́n wọlé tipátipá.

Ní Sátidé, Alàájì jókòó níwájú nínú agbádá funfun. Ṣẹ̀fíátù wà lẹ́yìn, ó gbé kúlà ìrẹsì lé itan. Mọ́tò ò ké mọ́. Inú Alàájì dùn dé ibi pé ó ti ń pe Hàmídù ní “ọmọ mi.”

Wọ́n ku díẹ̀ kí wọ́n wọ Ìdásẹn nígbà tí wọ́n kó sí kòtò kékeré kan. Ẹsẹ̀ òsì yọ, tọ̀tún tẹ̀ lé e, Mọ́rísì sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìrẹsì fò bo fìlà Alàájì. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko ẹ̀gẹ́ sáré wá. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tó fara pa, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wo mọ́tò tó mọ àna í kí!” ni obìnrin kan tó ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá dá ọjọ́ ìsoyìgì wí. “Ọkọ ìyàwó gan-an ò tíì dọ̀bálẹ̀!”

Alàájì ń ṣa ìrẹsì nínú irùngbọ̀n rẹ̀. “Hàmídù, ta lo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀?”

Hàmídù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn irin tó yọ nílẹ̀.

“Ọmọ mi wà nínú mọ́tò yìí o! Bó bá jẹ́ pé a wà lórí eré ńkọ́? A ò dá ọjọ́ kankan mọ́. Lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Jonah fún ọdún kan ná.”

Hàmídù yíjú sí Ṣẹ̀fíátù pé kó bá òun bẹ̀bẹ̀. Ṣẹ̀fíátù gbọn ìrẹsì kúrò lára.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ jẹ́ kó di ọdún méjì.”

Ẹ̀yin tí ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà, ìbéèrè kò sì sọ ọ̀gá di ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ pé ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kó má ṣe tijú láti wí pé, “Mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ fi hàn mí.” Bí kò bá lè sọ ọ́ nílé, ojú títì ló máa sọ ọ́.