Awò Olójú Róbótó

Àna Bàbá Onígíláàsì wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò kí i, ó ní awò oòrùn ni òun wá rà.

"Èyí tí mo lè fi wa mọ́tò, tí mo sì lè wọ̀ lójú omi," ni ó wí. "Èyí tí mo ń lò kò wúlò. Ó kàn dúdú lásán ni."

Bàbá wo ọwọ́ ọkùnrin náà. Awọ oríkèé ìka rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ sí i. Kò béèrè ẹni tí ó lù. Ọmọ kan ṣoṣo ni Bàbá bí láyé, ọkùnrin yìí ni ó sì fẹ́ ẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbá eyín ọmọ náà yọ nítorí pé ọmọ náà wa ọkọ̀ ojú omi ọkọ rẹ̀ wá kí bàbá rẹ̀ láìtọrọ ààyè.

Bàbá ti bẹ ọmọ náà títí pé kó kó ẹrù rẹ̀ máa bọ̀ wálé. Èsì kan náà ni ó máa ń gbọ́: ilé ọkọ nilé ẹ̀kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ó tún pè é lórí fóònù. Ẹnu ọmọ náà wú débi pé ọ̀rọ̀ kò já geere, síbẹ̀ ohun tó sọ náà nìyẹn. Nígbà tí Bàbá gbé fóònù sílẹ̀, ó ti dá a lójú pé ọmọ òun kò ní kúrò níbẹ̀ láéláé, àfi bí ọkọ rẹ̀ bá kú.

Ó bu omi sínú abọ́ pẹrẹsẹ kan, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé lójú fèrèsé. Ó ní kí àna òun kọ́kọ́ fi awò dúdú lásán wò ó. Omi ń kọ mànà, kò sì rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ó na èyí tó ń pa dídán oòrùn lójú omi sí i. Kọ́kọ́rọ́ hàn kedere nísàlẹ̀ omi. Bàbá ṣàlàyé pé bí yóò ti ṣe lójú títì ọlọ́dà pẹ̀lú nìyẹn, bí oòrùn bá kọjú sí awakọ̀.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyí. Ìkún omi ọdún yìí ti wọ́ ìtì igi wá sí ibi tí odò ti ṣẹ́rí, wọ́n rì sábẹ́ omi díẹ̀ báyìí, igi kan sì ti gún inú awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ òun já sẹ́yìn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá wọnú omi lásìkò yìí, ikú ló ń wà lọ bá.

Ó mú awò olójú onígun mẹ́rin. Bàbá ní olójú róbótó ni yóò bá a mu. Ni àna rẹ̀ bá fún un lọ́rùn aṣọ, ó fà á kọjá káńtà.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n dàbí arúgbó bíi tiyín ni?"

Bàbá ní olójú róbótó máa ń sún mọ́ ojú ju èkejì lọ, oòrùn kì í ráyè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ọkùnrin náà rò ó, ó gbà, ó sì tú u sílẹ̀.

"Ẹ bá mi kìlọ̀ fún ọmọ yín," ni ó wí. "Ọjọ́ tó bá tún fọwọ́ kan ọkọ̀ mi, òkú rẹ̀ lẹ máa wá gbé."

"Mo ti gbọ́," ni Bàbá wí. "Ta ló máa ń bá ọ wọ ọkọ̀ náà?"

"Kò sẹ́ni tó ń bá mi wọ̀ ọ́. Yanrìn ni mo ń kó."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n bá ọ tún apá awò náà ṣe kó lè jókòó sí etí rẹ."

Ó gbé awò náà wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó kórìíra ọkùnrin náà. Ó mú ìtú-skúrù. Ó tú skúrù, ó yí ojú awò méjèèjì láti òòró sí ìbú, ó sì dè wọ́n padà. Ojú róbótó kì í sọ pé wọ́n yí òun. Kò dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n dídán omi tó ń pa tẹ́lẹ̀ ni yóò máa gbà wọlé báyìí. Nígbà tí ó jáde, ó kọ́kọ́ da omi inú abọ́ nù, kí àna rẹ̀ má baà tún fi awò náà wò ó.

Àna rẹ̀ so awò náà mọ́ okùn kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, pẹ̀lú ègé fóòmù tó ń mú un léfòó, bí gbogbo awakọ̀ odò náà ti ń ṣe. Ohun tí wọn kò bá so, omi ló ni ín. Bí ó ti ń jáde, ó fi ìgúnpá gbá dígí orí káńtà, dígí fọ́ yángá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, aránṣọ òdìkejì títì sáré wọlé. Ó ní ọkọ̀ àna Bàbá ti là sí méjì lórí ìtì igi níbi tí odò ti ṣẹ́rí, àti pé abẹ ẹ́ńjìnnì ti gé ẹni tó wà nínú rẹ̀ débi pé kò sójú tí wọ́n lè dá mọ̀. Wọ́n ti fi tápólì bò ó sí etí omi.

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, kò sì tijú. Ó gbá àfọ́kù dígí kúrò nílẹ̀, ó wọ inú ilé tó so mọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí yàrá tí ọmọ rẹ̀ máa ń sùn sí kó tó lọ ilé ọkọ, ó tẹ́ aṣọ tó mọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ó rò pé ẹkún ni ọmọ náà yóò máa sun, pé òun yóò lọ mú un tó bá yá.

Ó ń fi ìrọ̀rí sí ipò nígbà tí ẹnìkan ta ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nípàá. Ó sáré jáde, àna rẹ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà, tí ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú nítorí oòrùn, tí ó ń pariwo pé kí Bàbá mú ìyàwó òun jáde, pé láàárọ̀ yìí ni ó kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi òun, tí ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ tòun ti awò.