Ajá Méjì, Kéèjì Kan

Ọmọ ìyá kan náà ni ajá méjì tí wọ́n pa tì yìí: ọ̀kan funfun, èkejì dúdú bíi kóró iṣin.

Obìnrin tó ń tọ́jú wọn so aṣọ pupa mọ́ dúdú lọ́rùn, kó lè hàn nínú fọ́tò tó fi ń wá ẹni tó máa gbà wọ́n tọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mú méjèèjì. Wọn kì í sùn lọ́tọ̀."

Màmá mi yínmú. "Dúdú wo? Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

Wọ́n gbé funfun.

Dúdú ń fi èékánná ha irin kéèjì.

Nínú mọ́tò, mo bú sẹ́kún.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún? Ṣebí èyí tó rẹwà la mú!"

Ohun tí wọ́n sọ náà nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú mi nílé ọmọ aláìlóbìí, tí ẹ̀gbọ́n mi tó dúdú di géètì mú, tó ń pariwo orúkọ mi.